Ẹranko Tó Ń Bí Ọmọ Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ má tíì dáhùn "ààlọ̀" o, n kò pàlọ́. Ìjàpá kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ kò sì yọjú síbẹ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni, àti èyí tí mo kà kún un lóru nígbà tí oorun kọ̀ tí kò wá. Àkànní, sún hítà yẹn mọ́ mi díẹ̀, má jẹ́ kó kan kọ́tìnnì. Àdùkẹ́, jókòó síbí kí n máa di irun rẹ lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àmọ́ ẹni tó fojú bà á náà ló yẹ kó ròyìn.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yìí, iná èédú ni wọ́n ń dá níbi tí hítà yẹn wà. Ẹ wo pákó tí bàbá yín fi dí ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni èéfín ń gbà gòkè. Káńsù London ló kọ́ gbogbo Becontree, àdúgbò wa yìí, láti 1921 títí wọ àwọn ọdún 1930, ilé tó tó 26,000 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko ewébẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí àdúgbò ilé káńsù tó tóbi tó o ní gbogbo ayé nígbà náà. Inú yàrá híhá ìlà-oòrùn London ni àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kó wọ̀ ọ́ ti wá, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé àwọn rí ẹ̀rọ omi nínú ilé àti ọgbà lẹ́yìnkùlé. Lónìí, mo lè lọ ra ata ní Heathway, kí n lọ kí n bọ̀, kí n má sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ìyẹn náà tó ohun ìyanu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹranko ni mo bá wá.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni, lọ́dún tí Àdùkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan. Àkànní á rántí díẹ̀. Àdùkẹ́ kò lè rántí nǹkan kan, ẹ̀yìn mi ló wà. Ìyá yín ló wakọ̀. Bàbá yín jókòó tì í, ó ń júwe ọ̀nà fún obìnrin tó mọ ọ̀nà jù ú lọ. A gba M25, a já sí M1, a yà sí apá Dunstable, ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Kí a tó débẹ̀ rárá ni mo ti rí kìnnìún kan lára òkè, funfun báláú, ó gùn tó mítà 147. Kì í ṣe pé wọ́n kùn ún. Wọ́n há koríko kúrò lára òkè ní 1933 kí ẹfun tó wà nísàlẹ̀ lè yọ, òun ni wọ́n fi ya kìnnìún. Àmì ọ̀nà Whipsnade nìyẹn.

Àwọn tó ni ọgbà ẹranko Regent's Park, tó ti wà nínú ìlú London láti 1828, náà ló ni Whipsnade. Regent's Park há. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà nígbà kan, Peter Chalmers Mitchell, ló ní kò yẹ kí ẹranko máa gbé inú àhámọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ra oko kan tó ti di ìgbòrò lórí òkè yẹn ní 1926, wọ́n sì ṣí i fún aráyé ní 1931. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níwájú ọmọdé.

A wo erin. A wo ẹkùn onílà, tó kẹ́yìn sí wa títí a fi lọ. A wá ń wá ibi tí a ó jókòó sí jẹ mọ́ínmọ́ín wa, ni mo rí ẹnì kan tó dúró lórí koríko níwájú wa. Mo ní ẹnì kan, nítorí pé òòró ló dúró. Kò sí wáyà láàárín wa, kò sí ògiri, kò sí gíláàsì. Irun rẹ̀ rí bí eérú, ó pọ́n díẹ̀ ní ọrùn àti ní èjìká, imú rẹ̀ dúdú. Kò ga ju Àkànní ìgbà yẹn lọ. Ó kó ọwọ́ kékeré méjì jọ sí àyà, ó ń wò wá. Nígbà tó rí i pé a kò ní nǹkan án ṣe fún òun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Wallaby ni wọ́n ń pè é. Ìbátan kangaroo ni, òun ló kéré nínú ìdílé náà. Ilẹ̀ Tasmania, erékùṣù tó wà ní gúúsù Ọsirélíà, ni irú èyí ti ṣẹ̀ wá, òtútù kò sì ṣàjèjì sí i níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dá wọn sílẹ̀ ní Whipsnade kí wọ́n máa rìn káàkiri láàárín àwọn tó wá wò wọ́n. Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn nígbà tí kò bá sáré: á fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, á fi ìrù ti ilẹ̀ gbé ìdí sókè, á wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrù yẹn kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ karùn-ún ni. Bàbá yín ń wo itan rẹ̀ bí ẹni tó ń wo itan ẹran lọ́jà. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, òun nìkan kọ́, wọ́n ń ta ẹran kangaroo lọ́jà ní Ọsirélíà.

Ibẹ̀ la wà tí ikùn rẹ̀ fi mira.

Mo ti rí ikùn tó mira. Mo gbẹ̀bí títí irun mi fi funfun, mo mọ ikùn tí ọmọ ń ta nínú rẹ̀. Èyí kọ́. Ẹsẹ̀ kan yọ síta, ẹsẹ̀ gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú. Ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn níta bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò rí orí, n kò rí ara, àfi ẹsẹ̀. Iṣẹ́ mi sọ sí mi lọ́kàn, mo ní, "Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ̀!" Ìyá yín ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀." Ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé padà, àpò náà yí bìrí, etí méjì wá yọ níbi tí ẹsẹ̀ ti wọlé, ojú tẹ̀ lé etí. Ìyá rẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú wò ó. Ó ń jẹ koríko lọ, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀, ọmọ inú àpò náà na ọrùn síta, ó já koríko tirẹ̀, ó ń rún un. Ìyá ń jẹ, ọmọ ń jẹ, ilẹ̀ kan náà, ọmọ kò sì tíì kúrò lára ìyá!

Àdùkẹ́ náà na ọrùn yọ léjìká mi, ó ń wò wọ́n. Èmi pọn tèmi sẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà á. Òun gbé tirẹ̀ síwájú, awọ ara rẹ̀ ni ọ̀já. A wo ara wa títí.

Mo bá lọ bá ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní agbẹ̀bí ni mí, kó má fi ọ̀rọ̀ ọmọdé dá mi lóhùn. Ohun tó sọ fún mi, mo lọ kà á nínú ìwé lẹ́yìn náà, òótọ́ ni.

Oyún wallaby kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ọmọ tó bá bí kò wúwo tó gíráàmù kan. Gíráàmù kan, ẹ̀yin ọmọ! Ní wọ́ọ̀dù tiwa, bí ọmọ tuntun bá wọn ẹgbẹ̀rún gíráàmù, tí í ṣe kìlógíráàmù kan, ojú gbogbo wa á ti yí padà. Ọmọ tirẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ kò tíì là, irun kò sí lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń bọ̀ wá gbé e fò kò tíì ju kùkùté lọ. Apá iwájú nìkan ló gbó, èékánná sì ti wà níbẹ̀. Apá méjì yẹn ló fi ń wọ́ gun irun ikùn ìyá rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ibi tó gbà wáyé títí dé inú àpò. Ìyá kò gbé e, kò tì í, kò fi ẹnu gbá a mú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìrìn náà, ṣùgbọ́n bó bá jábọ́, ó parí nìyẹn. Nígbà tó bá débẹ̀, á gbé orí ọmú kan sẹ́nu, orí ọmú náà á wú sí i lẹ́nu, wọn kò ní lè tètè ya ara wọn mọ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni yóò lò níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ iye oṣù yẹn dáadáa. Òun náà kò yọ kúrò nínú oṣù mẹ́sàn-án tí Ọlọ́run fún wa, ìta ló ti ń lo tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún bàbá yín lọ́jọ́ náà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹranko yìí ń bí ọmọ rẹ̀. Ìbí àkọ́kọ́, òkùnkùn ni, kò sí ẹni tó rí i. Ìbí kejì, nígbà tó bá yọ nínú àpò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ìyẹn ni à bá sọ ọmọ lórúkọ sí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọmú. Nínú ìdílé kangaroo, ìyá kan lè ní ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn kì í sì í ṣe ìbẹta. Ọ̀kan ti jáde, ó ń padà wá ki orí bọ inú àpò láti mu. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọmú mìíràn nínú àpò. Ẹ̀kẹta ṣì wà nínú ilé ọmọ, kíún, ó dúró jẹ́ẹ́, kò dàgbà, kò kú, ó ń retí kí àyè ṣí sílẹ̀. Orí ọmú méjì tí àwọn yòókù ń mu, wàrà tó wà nínú wọn kò dọ́gba: ti àbúrò ṣàn, ti ẹ̀gbọ́n ki. Ara kan náà ló ń pèsè méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò kọ́ wa ní èyí nílé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí. Ká ní wọ́n kọ́ wa ni, a kò bá gbà.

Àkànní, ìwọ lo bi mí lọ́jọ́ yẹn bóyá ó ń yé ẹyin. Bàbá yín rẹ́rìn-ín. Kí ló ń rín? Ní ilẹ̀ tí wallaby yìí ti wá, ẹranko kan wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin, tó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Platypus ni. Ara rẹ̀ ní irun, ẹnu rẹ̀ rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, awọ wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrù rẹ̀ fẹ̀. Akọ rẹ̀ ní oró ní gìgísẹ̀ ẹ̀yìn. Bó bá wọ omi, á pa ojú dé, á di etí, á di imú, ẹnu yẹn á sì máa gbọ́ iná mànàmáná kékeré tó ń jáde lára kòkòrò inú ẹrẹ̀, òun ló fi ń mú wọn. Kò ní orí ọmú. Wàrà ń sun jáde lára ikùn ìyá, ọmọ á máa lá a níbẹ̀.

Nígbà tí awọ rẹ̀ dé London ní ìparí àwọn ọdún 1790, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ George Shaw, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba, yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1799, ṣùgbọ́n nínú ìwé náà gan-an ló ti jẹ́wọ́ pé ọkàn òun kò balẹ̀ bóyá ẹ̀tàn ni. Wọ́n ní ó mú àlùmọ́gàjí, ó ń wá ibi tí wọ́n ti rán ẹnu pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ọn lára. N kò bá a wí. Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ máa ń rán ìdajì ọ̀bọ mọ́ ìdajì ẹja, wọ́n á tà á fún atukọ̀ òyìnbó pé màmíwọ́tà ni. Awọ gbígbẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, awọ kì í sì í mí. Ẹ̀yin náà ti rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán tó wà ní Valence House, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ pe títì yẹn ní Whalebone Lane. Ta ló lè ti ara egungun yẹn mọ bí ẹran náà ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?

Ìjà tó wá tẹ̀ lé e ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n London àti ti Paris fi ń jà bóyá platypus ń yé ẹyin tàbí kò yé. Àwọn onílẹ̀, àwọn dúdú ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń bá a gbé etí odò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ti sọ fún wọn pé ó ń yé ẹyin. Wọ́n ní irọ́ ni. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíì rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ní 1884 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Caldwell dé etí odò fúnra rẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ àwọn onílẹ̀ kan náà síṣẹ́ láti bá a wá a, wọ́n sì rí èyí tó ti yé ẹyin kan tí òmíràn ṣì kù nínú rẹ̀. Ó tẹ wáyà sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèpàdé ní Canada. Wáyà yẹn ni ayé gbà gbọ́. Orúkọ Caldwell wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn tó tọ́ka ihò fún un, ẹ máa wá a.

Ẹnì kan tún wà tó fẹ́ rí i láàyè ní London. Lákòókò ogun Hítílà, ní 1943, Winston Churchill ránṣẹ́ sí olórí ìjọba Ọsirélíà pé kó fi platypus ránṣẹ́ sí òun. Bọ́ǹbù ń bọ́, ọkùnrin náà ń béèrè ẹranko! Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ ní Winston, wọ́n kan ilé fún un nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kó ekòló tó máa jẹ sínú rẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ni Winston kú. Wọ́n fi ikú rẹ̀ pamọ́ nígbà náà, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n di ẹ̀bi ru ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, pé ariwo bọ́ǹbù ló pa á. Ẹnu ọdún mélòó kan báyìí ni wọ́n tó tú àwọn ìwé àtijọ́ wò ní Sydney, tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lórí omi: ooru ni. Bí ọkọ̀ ṣe ń gba àárín ayé kọjá, omi ilé rẹ̀ ń gbóná ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbà lọ. Èmi agbẹ̀bí, kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀dá kékeré, ooru tàbí òtútù ní í kọ́kọ́ pa á, kí ebi tó dé.

Ọ̀kan ṣì kù tí inú mi kì í dùn sí. Nílé wallaby, ní Tasmania, ọdẹ kan wà tó máa ń fi wọ́n jẹun. Orúkọ rẹ̀ ni thylacine. Ó rí bí ajá ńlá, ilà dúdú wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìdí ìrù, òun náà sì jẹ́ ẹranko alápò. Àpò tirẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Akọ rẹ̀ náà ní àpò, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá lò ó. Àwọn olówó àgùntàn ní òun ló ń jẹ àgùntàn àwọn tán. Ìjọba Tasmania bá ń san pọ́n-ùn kan fún ẹni tó bá mú òkú àgbà rẹ̀ wá, láti 1888 títí di 1909, wọ́n sì sanwó náà lórí èyí tó lé ní 2,000. Èyí tó kẹ́yìn ní Regent's Park kú ní 1931, ọdún kan náà tí Whipsnade ṣí. Èyí tó kẹ́yìn tí a mọ̀ lágbàáyé kú nínú àhámọ́ ní Hobart ní oṣù Kẹsàn-án 1936. Ará London ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì wò ó, wọ́n jẹ bísíkíìtì níwájú rẹ̀, wọ́n lọ sílé. Wallaby tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ló ń jẹ koríko ní Whipsnade.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpò, nítorí ohun tí mo torí rẹ̀ pè yín jókòó kò tíì jáde.

Kí n tó rí wallaby yẹn, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń pe orúkọ ìbátan rẹ̀ nílé ìwòsàn lójoojúmọ́. Ní ilé wa ní Nàìjíríà, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ń kú púpọ̀, òtútù ló ń pa wọ́n, ní ilẹ̀ tí oòrùn ń jó bẹ́ẹ̀! Ara wọn kò ní ọ̀rá tó lè gba ooru dúró. Ẹ̀rọ amóoru tí wọ́n ń tẹ́ wọn sí kò tó nǹkan, bó bá sì wà, iná ọba á lọ. Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ tí iná ti lọ lára rẹ̀ rí, tí a ń wá ẹni tó máa lọ ra dísù fún jẹnẹrétọ̀.

Irú ìṣòro yẹn ló bá dókítà kan ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, Edgar Rey Sanabria. Ọmọ pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, wọ́n ń tẹ́ ọmọ méjì mẹ́ta sínú ọ̀kan, àrùn ń ran wọ́n. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ka ìwé nípa bí kangaroo ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì gbó, ó bá pa ìwé dé, ó ní ìyá ènìyàn náà lè ṣe é. Ní 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: ẹ bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, ẹ dé e ní fìlà, ẹ wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbé e ró lóòró sáàárín ọmú ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, ẹ fi aṣọ dì í mọ́ ọn, tọ̀sán tòru. Ara ìyá ni ẹ̀rọ. Iná rẹ̀ kì í lọ.

Kangaroo là ń pè é ní wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ náà, láìtúmọ̀. "Ìyá ìbejì, ṣé o ti ṣe kangaroo rẹ láàárọ̀?" Àwọn ìyá kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ẹ̀yìn la ń pọn ọmọ sí nílẹ̀ Yorùbá, ta ló ń dì í sí àyà bí ẹni tó jalè? Àwọn ìyá ọkọ ló le jù. Wọ́n á ní ọmọ kò ní rí èémí mí, wọ́n á ní kí a gbé e sínú ẹ̀rọ bíi ti ọmọ olówó. Mo ń bá wọn jà, mo ń bẹ̀ wọ́n. Bí ìka ọwọ́ ọmọ ṣe ń kúrò ní dúdú tó ń pọ́n padà lórí àyà ìyá rẹ̀, kò gba wákàtí púpọ̀, òun ló máa ń bá mi parí ìjà náà.

Èyí tó mú orí mi wú ni pé ilẹ̀ wa wà lára ibi tí wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo ayé. Tẹ́lẹ̀, ìlànà ni pé kí a kọ́kọ́ fi ọmọ sínú ẹ̀rọ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, kí ìyá tó gbà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ṣe ìwádìí láti mọ̀ bóyá ká má dúró rárá. Ibi márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà; ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ni ti Nàìjíríà. Ọmọ tó lé ní 3,200 ni, kò sí èyí tó wọn tó kìlógíráàmù méjì nínú wọn. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ, nǹkan bí 16 nínú 100 ló kú kí wọ́n tó pé oṣù kan. Lára àwọn tó gun àyà ìyá láti wákàtí tí wọ́n bí wọn, 12 ni. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí dúró kí ó tó parí, wọ́n ní kò tọ́ kí a tún máa dá ọmọ kankan dúró. 2021 ni ìwé rẹ̀ jáde; nígbà tó fi di 2022, Àjọ náà ti yí ìlànà rẹ̀ padà fún gbogbo àgbáyé. Ilé-Ifẹ̀ o! A ní ibẹ̀ ni ayé ti ṣẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi hàn bí ọmọ tuntun kò ṣe ní tètè padà sọ́run.

Gbogbo ọdún yẹn, n kò rí kangaroo rí, àfi àwòrán rẹ̀ lára pátákó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin ọmọ, ìdí tí mo fi dúró lórí koríko lọ́jọ́ yẹn tí mọ́ínmọ́ín fi tutù nìyẹn. Ẹranko tí mo ti ń fi ṣẹ̀rí fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, ìbátan rẹ̀ ló dúró níwájú mi yẹn, ó sì ń fi ẹ̀rí náà hàn mí fúnra rẹ̀.

Kí ni, Àdùkẹ́? Má mi orí, o máa bà mí ní ìlà irun jẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ gan-an ni. Oṣù rẹ kò pé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ, kò lè gbé ọ. Ọjọ́ kẹta rẹ láyé ni mo dé láti Nàìjíríà, omi ìwẹ̀ ni mo bá wá, n kò mọ̀ pé àyà ni wọ́n ń wá. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá rẹ tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, mi ò lọ́mú." Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè ọmú? N kò tíì mọ̀ nípa akọ thylacine nígbà náà, ǹ bá fi àpò rẹ̀ bú u. Ti emu ni mo mọ̀, ẹyẹ ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà yẹn: akọ rẹ̀ ló ń sàba, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí kì í sì í jẹun. Mo sọ ọ́ fún un. Ó tú bọ́tìnnì. Wọ́n gbé ọ lé e láyà, o kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ, ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju tìrẹ lọ.

O kò tíì lo wákàtí kan níbẹ̀ tí o fi tọ̀ sí i lára. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde kó lọ pààrọ̀. Ó kọ̀, ó ní tí òun bá dìde, òtútù á mú ọmọ òun. Inú ìtọ̀ yẹn ló jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi í. Ó wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́ tí mo ti fọ̀.